Ṣíbí Inú Àpò Kápútẹ́nì

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò òkú náà, ṣíbí nìkan ni kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Insipẹ́kítọ̀ Adétóun ti kó ẹrù inú àpò náà jáde sórí tábìlì. Ó tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo, ó sì ń wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀wù funfun kan tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó ní ìlà wúrà léjìká. Ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá tí awakọ̀ bàálù ń dé bo etí. Awò oòrùn. Ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tí ń dán yòò bí iná bá bà á. Ike omi. Tọ́ọ̀ṣì kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣíbí: ṣíbí irin lásán, irú èyí tó wà ní gbogbo ilé ìdáná Ìbàdàn, àmọ́ wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi òwú dì í gírígírí. Ojú eyín wà lára aṣọ náà.

"Màdáámù, ṣíbí ò le," ni Sájẹ́ǹtì Ahmed wí. "Ebi ń pa èèyàn lókè náà."

"Ta ló ń wé aṣọ mọ́ ṣíbí tó fẹ́ fi jẹun?"

Ahmed tẹ̀ síwájú, ó tún ṣíbí náà wò.

Ẹjọ́ náà ò ṣòro rárá lójú gbogbo ènìyàn. Kápútẹ́nì Oyèkànmí, awakọ̀ bàálù, jáde nílé rẹ̀ ní Bódìjà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń gbé èrò lọ sí Àbújá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Challenge, níbi tó ti gba yàrá kan ní bòókẹ́lẹ́, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ẹni tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà ni Hàrúnà, awakọ̀ máíkírà tó máa ń gbé e lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ Hàrúnà. Aago Kápútẹ́nì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ará àdúgbò dáná sun ún kí ọlọ́pàá tó dé.

Ìyàwó olóògbé, Fọláṣadé, ló wá fi gbólóhùn kan di Hàrúnà. Ó ní ọkọ òun ò lè fún ẹnikẹ́ni ní aago lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fò, nítorí awakọ̀ bàálù tí kò ní aago, afọ́jú ni. Bí Hàrúnà bá ní wọ́n fún òun, irọ́ ló pa. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó ní Hàrúnà ń lọ sílé ẹjọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èyí.

Adétóun mú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó ṣí ìdí rẹ̀. Bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti dorí ọ̀kan kodò. Ahmed gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí bátìrì náà padà, iná sì tàn.

"Ẹni tó fi bátìrì yìí síbẹ̀ ò mọ tọ́ọ̀ṣì lò," ni Ahmed wí.

"Tàbí kó mọ̀ ọ́n lò jù ọ́ lọ."

Ó tún wo fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìsàlẹ̀ àpò pátápátá, lábẹ́ ẹ̀wù, ni tọ́ọ̀ṣì wà. Ṣíbí wà nínú àpò kékeré tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Ohun tí kò níṣẹ́ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè kàn án. Ohun tó níṣẹ́ wà níbi tí a ó ti wá a. Adétóun kì í fẹ́ràn kí ohun kan wà ní àyè ohun mìíràn. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó mọ àpò náà wá.

*

Prosper ló wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Baṣọ̀run tó ti bá Kápútẹ́nì fò fún ọdún mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Nígbà tó rí àpò náà, ó dúró tì í bí ẹni tó dúró ti ibojì. Adétóun ní kó sọ bí awakọ̀ bàálù ṣe ń yan àpò àti bó ṣe ń dì í. Kó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Prosper ní lọ́dún tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpótí líle oníkọ́kọ́rọ́ lòun rà, nítorí pé ó ń dán, àwọn èèyàn á sì máa wo òun bí òun bá ń fà á lọ ní pápákọ̀ Alákìá. Kápútẹ́nì ní kí òun lọ dá a padà. Ó ní ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú bàálù kékeré ò fẹ̀ ju kíóósì lọ, àpótí líle á máa gbá a lórúnkún títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Kó má ra alẹ́nu gbàgàdà kan ṣoṣo, nítorí gbogbo ohun tí a bá jù sínú rẹ̀ ló ń rì. Kó ra èyí tó ṣe é gbé kọ́ èjìká, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo lórí àkàbà, kó sì ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá gbó, kó rán an. Okùn àpò yìí, Kápútẹ́nì fúnra rẹ̀ ló rán an.

"Dídì rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n má di ohun tí mo fẹ́ràn, kí n di ohun tó máa ṣiṣẹ́." Prosper nu imú. "Wọ́n ní ohun tí ọwọ́ rẹ ò bá lè kàn nínú òkùnkùn láìwo ibẹ̀, o ò mú un wá."

Kápútẹ́nì ń jókòó lápá òsì, ni Prosper ṣàlàyé, àpò rẹ̀ a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ òsì yìí ló ń fi ohun tó lè gba ẹ̀mí là sí. Bí iná inú bàálù bá kú lóru, tọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀mí. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gbẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀.

"Tọ́ọ̀ṣì wọn ńkọ́, Mà?"

Adétóun sọ ibi tó wà fún un, ó sì sọ ti bátìrì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Prosper fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú àpò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé Kápútẹ́nì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ lọ sí ìsinmi, kí tọ́ọ̀ṣì má baà ṣèèṣì tàn nínú àpò kí bátìrì sì kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ fò, kó tó di okùn bàtà ni yóò ti yí i padà. Kò gbàgbé rí.

"A jẹ́ pé kò fẹ́ fò ní Ọjọ́bọ̀," ni Adétóun wí.

Prosper tẹ orí ba. Ó ní Kápútẹ́nì ò fò mọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ó kàn wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó ní ó tó. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, bàálù ò já, ẹnikẹ́ni ò sì lé e. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà, kò sọ ìdí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ Prosper ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ilé gbọ́.

"O ò bi í ní ìdí?"

"Mo bi wọ́n, Mà. Wọ́n ní kí n lọ wo iye ìjókòó tó wà lẹ́yìn wa nínú bàálù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ." Ó ṣiyèméjì. "Mo rò pé obìnrin ni."

Inú Ahmed dùn sí èyí. Bí Prosper ti lọ, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Ọkùnrin tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ kúrò ní Bódìjà, tó sì gba yàrá ní Challenge, obìnrin ló ń lọ bá. Obìnrin yẹn lọ́kọ; ọkọ yẹn ló pa á.

Adétóun ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti dájú báyìí: gbólóhùn tí ìyàwó fi di Hàrúnà ti já. Ẹni tí kò fẹ́ fò lè bọ́ aago fún ẹni tó bá wù ú.

*

Nínú àhámọ́, Hàrúnà jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Sábó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ìwọ̀nba ohun tó ti ń sọ láti Ọjọ́bọ̀ náà ló tún sọ: Ọ̀gá òun, Kápútẹ́nì, ló fún òun ní aago, òun bá Ọ̀gá nílẹ̀, òun gbé orí rẹ̀ lé itan. Adétóun bi í pé kí ni Ọ̀gá ń ṣe ní Challenge. Hàrúnà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá obìnrin wà níbẹ̀. Hàrúnà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dùn ún gbọ́.

Adétóun wá yọ ṣíbí náà. Ojú Hàrúnà bà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára gbé ojú lọ sára ògiri.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Kùránì búra fún wọn."

"Ẹni tí o búra fún ti kú, Hàrúnà."

"Ìbúra tèmi ò kú."

Adétóun sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti wà níta láti àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pé ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe akin. Hàrúnà fi etí ẹ̀wù nu ojú, ó tún kọ ojú sí ògiri. Adétóun dìde láti máa lọ, ó wá yíjú padà, ó ní kó sọ ohun kan ṣoṣo fún òun: kí ló dé tó fi jẹ́ aago ni Ọ̀gá fi ta á lọ́rẹ?

"Kì í ṣe ọrẹ," ni Hàrúnà wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n fi rán mi."

*

Àbá Ahmed nípa obìnrin kú ní Challenge. Onílé sọ pé obìnrin kankan ò gun àtẹ̀gùn náà rí nítorí Kápútẹ́nì. Ó ń wá láàárọ̀, ó ń lọ nírọ̀lẹ́. Nínú yàrá òkè náà, àga kan ló wà, tábìlì kan, ẹní kan, ìrọ̀rí kan, àti ìfaṣọkọ́ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́ sí kó má baà rún, tí yóò sì jókòó títí di àkókò tí ó yẹ kí bàálù rẹ̀ ti balẹ̀.

Ahmed wo abẹ́ ẹní, kò rí nǹkan kan. Adétóun ń wo tábìlì. Wọ́n ti fi fóòmù bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, wọ́n sì fi okùn dì í. Apá àga náà, bákan náà.

"Ilé tí ọmọdé ti ń kọ́ ìrìn là ń ṣe báyìí sí," ló wí.

"Kò sọ́mọdé níbí, Màdáámù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ló ń ṣubú."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ìkẹyìn ni ẹ̀jẹ̀ wà, ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ẹnikẹ́ni ò sì fọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí ojú òkú náà kọ sí, ẹnìkan ti da iyanrìn sílẹ̀. Kò pọ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Àwọn ọlọ́pàá ti tẹ̀ ẹ́ kọjá láti Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ohun tí iyanrìn ń ṣe níbẹ̀. Adétóun kúnlẹ̀, ó fi ìka wa á. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó rántí ohun tí dókítà ilé ìwòsàn ní Jericho sọ fún un, tí gbogbo wọn sì fojú fò: òkú náà ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá àgọ́ ní bí wọ́n bá ń lu èèyàn, ó lè gé ahọ́n jẹ.

Ó dìde. Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe fóònù tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, bókẹ́ẹ̀tì iyanrìn kan dúró, irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú de iná. Abdussalam lorúkọ alátùn-únṣe náà. Ó ti sọ fún ọlọ́pàá ní Ọjọ́bọ̀ pé òun ò rí nǹkan kan, òun ti tìlẹ̀kùn lọ sílé. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ nu ojú fóònù kan tó ti mọ́.

Adétóun jókòó sórí àpótí oníbàárà. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka ìṣirò fún ọmọléèwé. Ó ní ẹni tó bá pa èèyàn tó sì fẹ́ bò ó, ẹ̀jẹ̀ ni yóò fọ̀. Ẹni tó da iyanrìn yìí fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbangba. Nǹkan mìíràn ló ń bà á lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ, nǹkan tó ti ẹnu òkú jáde.

"Ta ló bo itọ́ yẹn, Abdussalam?"

Ó gbé fóònù náà kalẹ̀.

Ohun tó sọ kò gùn. Kápútẹ́nì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, bóyá ó fẹ́ ra nǹkan. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe kan tí kò jọ ti ènìyàn, ó sì ṣubú láti àárín àtẹ̀gùn. Nígbà tí Abdussalam yọjú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti kékeré ni ìyá Abdussalam ti kìlọ̀ fún un pé itọ́ oníwárápá kì í kan èèyàn, pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bá fọwọ́ kàn án ti gbé e wọlé. Ó lọ́mọ mẹ́ta. Ó wọlé, ó tìlẹ̀kùn. Nígbà tí ibẹ̀ dákẹ́, ó jáde, ó da iyanrìn sí itọ́ náà kí oníbàárà má baà tẹ̀ ẹ́, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sílé.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò wo ibẹ̀."

"Ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń dìde, Màdáámù." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Gbogbo wọn ló máa ń dìde."

Dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ pẹ́ tó ń dà lára rẹ̀ kó tó kú, pé bí ẹnìkan bá tètè gbé e ni, ì bá yè. Adétóun ò sọ ọ́ fún Abdussalam. Kò sí ohun tí yóò tún ṣe.

Nínú ọkọ̀, Ahmed ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n lọ tú Hàrúnà sílẹ̀. Adétóun ní rárá. Abdussalam ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá àgọ́ á ní ó tún ń parọ́, tàbí kó ní òun gan-an ló ti ọkùnrin náà lulẹ̀. Ìyàwó olóògbé sì ti sọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i, pé àìsàn kankan ò ṣe ọkọ òun rí. Ará ilé olóògbé nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn Hàrúnà.

"Bí ìyàwó ò bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ̀. Wo ṣíbí yẹn."

*

Àwọn tó wá báni kẹ́dùn kún pálọ̀ ní Bódìjà. Fọláṣadé mú Adétóun wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Obìnrin tó dúró ṣinṣin ni, kò gbé ohùn sókè. Ó tún sọ pé ọkọ òun ò ṣàìsàn rí, orí fífọ́ pàápàá kì í ṣe é. Adétóun gbé ṣíbí náà sórí ibùsùn, sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ìyá Ìrẹ̀mídé, ẹni tí wárápá bá gbé ò lè fi ṣíbí sẹ́nu ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá sì ń ronú ara rẹ̀ nìkan ò ní wé aṣọ mọ́ ọn. Ẹni tó ń ro ti eyín rẹ̀ ló wé e."

Fọláṣadé wo ṣíbí náà títí. Kò jiyàn. Ó ní ìdí tí òun fi dákẹ́ ni pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ìrẹ̀mídé ku ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà ilé ọkọ ọmọ ti wá bi òun ní ohun tí wọ́n máa ń bini: ṣé wárápá wà nídìí yín, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà, ṣé wèrè wà. Òun wo ojú wọn, òun ní kò sí. Bí òun bá sọ ọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, òun ti sọ ọ́ fún gbogbo Ìbàdàn. Ọkọ òun ti kú, ẹnu òun ò lè jí i. Ọmọ òun ṣì wà láàyè.

"Hàrúnà náà wà láàyè," ni Adétóun wí. "Ó lọ́mọ. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́, nítorí ó búra fún ọkọ yín. Ó ti gbà láti kú lé e lórí. Ṣé kí n jẹ́ kó kú?"

Ilẹ̀kùn ti ṣí láì dún. Ìrẹ̀mídé dúró síbẹ̀, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé. Ó wo ṣíbí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé ife náà kalẹ̀ kó má baà dà.

"Màmi," ló wí, "ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín."

*

Nínú ọkọ̀ ni Fọláṣadé ti sọ ìyókù, ó kọ ojú sí fèrèsé, bí ẹni tó ń bá òpópónà sọ ọ́. Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, lójú oorun. Ó di orí ọkọ rẹ̀ mú, ó nu ẹnu rẹ̀, ó pa aṣọ ibùsùn dà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ ò rántí nǹkan kan, ó jẹ búrẹ́dì, ó sì dágbére. Òun ò sọ fún un. Òun rò pé bí òun bá sọ ọ́, ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ràn jù láyé ti parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á títí, ó ń ro ti àwọn èrò tí ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀wù tí òun ń fọ̀ ò rùn epo bàálù mọ́. Ó mọ̀ nígbà yẹn pé ọkọ òun náà ti mọ̀, pé ó ti gbé ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró kí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ta ilẹ̀ tó ní ní Akóbọ̀, ó ń ná an bí owó oṣù. Òun náà ń lọ ẹ̀wù, òun ń di àpò, òun ń gbàdúrà pé kó gúnlẹ̀ láyọ̀. Òun ló wé ṣíbí náà, òun ló sì fi í pamọ́ sínú àpò, bóyá aláàánú kan á rí i lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Dókítà kan ti sọ fún Adétóun rí pé ṣíbí ò wúlò fún wárápá, eyín ló ń ṣẹ́. Adétóun gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Níbo nínú àpò lẹ fi í sí?"

"Ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ẹ̀wù. Kó má baà rí i."

Ahmed gbójú sókè wo Adétóun nínú dígí ọkọ̀. Adétóun mi orí fún un pé kó dákẹ́.

Ní àgọ́, Fọláṣadé sọ ọ́ níwájú Ọ̀gá àgọ́, ó pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀, kò fi ẹnu wé e. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ìrẹ̀mídé jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹni tó ń pè, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan.

Wọ́n mú Hàrúnà jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún opó náà. Fọláṣadé ní kó dìde, pé òun ti sọ ọ́, ìbúra rẹ̀ ti tú. Ìgbà yẹn ni Hàrúnà tó sọ̀rọ̀.

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ òun, lójú ọ̀nà Ring Road. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, Ọ̀gá òun bọ́ aago lọ́wọ́, ó so ó mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí òun wo aago. Bí kò bá dá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí òun má dúró mọ́, kí òun gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá dá, kí òun jókòó tì í, kí òun má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ọjọ́bọ̀, mo gbé èrò lọ sí Ṣàngó. Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ti wà nílẹ̀." Hàrúnà gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo sókè. "Mo wo aago, Mà. Mo wò ó. Mi ò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá àgọ́ dìde, ó lọ dúró lẹ́nu fèrèsé.

Adétóun gbé àpò náà wá. Ó ku ohun kan tí kò tíì jókòó sí àyè rẹ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bi Hàrúnà pé ibo ni ṣíbí máa ń wà.

"Àpò ẹ̀gbẹ́, lósì."

Fọláṣadé ní rárá, ìsàlẹ̀ lòun fi í sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ìsàlẹ̀ ni Ọ̀gá ti rí i." Hàrúnà wolẹ̀. "Láràárọ̀, bí a bá ti yọ sí títì, wọ́n á mú un kúrò nísàlẹ̀, wọ́n á fi sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní kí ọwọ́ mi mọ ibẹ̀ láìwò ó. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti kọjá Sẹkitéríàtì, wọ́n á dá a padà sábẹ́ ẹ̀wù. Wọ́n ní, ‘Kí Fọláṣadé má mọ̀ pé mo mọ̀.’"

Fọláṣadé ò ké. Ó na ọwọ́, ó gba àpò náà lọ́wọ́ Adétóun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di í: ẹ̀wù, ohun ìgbọ́rọ̀, awò, ike omi. Ó ń wo ojú Hàrúnà bó ti ń ṣe é. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó fi í sísàlẹ̀. Nígbà tó kan ṣíbí, kò wo àpò náà rárá. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì fúnra rẹ̀, ó wá ẹnu àpò kékeré náà rí, ó sì rọra tì í bọ̀ ọ́.